Abẹ́rẹ́ Àjẹsára fún Ẹni tí Ó Ń Rìnrìn-àjò sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ pé ìjà tàbí iná ni ènìyàn ń sá fún, nítorí ẹni tí ó bá tètè gbé ẹsẹ̀ ni ó ń kó orí ara rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ àrùn, ìwọ òǹkàwé mi, ẹsẹ̀ nìkan kò tó oògùn. Ẹsẹ̀ kan náà yìí ni ó ń gbé ènìyàn lọ sí ibi tí àrùn tí kò mọ̀ rí wà, òun náà ni ó sì ń gbé àrùn láti ilé lọ bá àwọn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ti Ìbàdàn dé Kùmásí yóò lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà. Bí àìsàn bá ti wà lára rẹ̀, yóò ti hàn sí gbogbo ènìyàn kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Lónìí, ẹni tí ó jẹ àmàlà ní Èkó láàárọ̀ lè sùn sí Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àrùn tí ó bá wọ ara rẹ̀ lánàá kò tíì fi ara hàn rárá nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá balẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò gbà kí ó tó kúrò nílé. Yálà oníṣòwò ni ọ́ tí ò ń ná ọjà Kòtònú, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ lọ kàwé ní Índíà, tàbí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ara ni a ń gba abẹ́rẹ́ sí, a kì í gbà á sínú ìwé. Bí o bá di èyí mú ṣinṣin, gbogbo àlàyé tí ó kù yóò rọrùn fún ọ.

Kí ni à ń pè ní abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ọ̀rọ̀ àjẹsára kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí oògùn òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti gbà pé ohun kan wà tí ènìyàn lè jẹ sára sílẹ̀ de ọjọ́ ibi. Nínú abẹ́rẹ́ tí à ń wí yìí, kòkòrò àrùn tí a ti sọ di aláìlágbára, tàbí apá kan lára rẹ̀, ni ó máa ń wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ inú ara, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run dá sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn yóò kọ́ bí wọn yóò ṣe máa dá kòkòrò náà mọ̀. Bí ọdẹ ṣe ń fi awọ ẹran han ajá rẹ̀ kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó jọ wọ igbó, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí. Ọjọ́ tí ẹran náà gan-an bá yọjú, ajá kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ a máa gba àkókò. Kò sí ajá tí ó gbọ́ òórùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó di ajá ọdẹ lọ́jọ́ náà. Fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni ti ibà pọ́njú. Ibà yìí yàtọ̀ sí ibà tí a mọ̀ lójoojúmọ́. Lóòótọ́, ẹ̀fọn ni ó ń gbé àwọn méjèèjì kiri, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibà pọ́njú kì í dúró de alẹ́. Ojú ọ̀sán ni ó máa ń jẹ ènìyàn, omi tí ó dúró sójú kan nínú ìkòkò, nínú agolo àti nínú táyà àlòkù ni ó sì máa ń yé sí. Bí ó bá jẹ ènìyàn, tí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà bá kọjá, ara rẹ̀ yóò gbóná, orí yóò máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn yóò máa dùn ún, yóò sì máa bì. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí àìsàn náà ń padà bá lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó ti lọ. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú wọn yóò pọ́n, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa jáde lẹ́nu àti nímú wọn. Nínú àwọn tí ó bá dé ojú èyí, bí ìdajì ni ó máa ń kú láàrin ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Kò sí oògùn kan pàtó tí ó ń pa kòkòrò náà. Gbogbo ohun tí dókítà lè ṣe ni kí ó máa ran ara aláìsàn lọ́wọ́. Àrùn yìí kì í sì í ṣe ìtàn àtijọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1987. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Arìnrìn-àjò ni ibà pọ́njú fúnra rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ni òun àti ẹ̀fọn rẹ̀ bá dé òdìkejì òkun, tí wọ́n sì di ará ilẹ̀ ní Brazil àti ní Cuba. Ní Cuba yìí ni Carlos Finlay, tí ó jẹ́ dókítà, ti sọ ní ọdún 1881 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn ènìyàn tó gbà á gbọ́. Ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní Havana.

Ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé wa. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó, nítorí ibà pọ́njú. Ní ọdún 1927, àwọn olùwádìí náà fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Asibi, ẹni tí ibà náà ń ṣe ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ. Ọ̀bọ kú, ṣùgbọ́n Asibi yè é. Báyìí ni ọwọ́ wọn ṣe tẹ kòkòrò àrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ni wọ́n fi ra ìmọ̀ yìí. Adrian Stokes tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, kú ní Accra. Kí oṣù náà tó parí, William Young tí òun náà jẹ́ oníṣègùn kú tẹ̀lé e.

Kòkòrò tí wọ́n rí lára Asibi ni Max Theiler, ẹni tí a bí ní Gúúsù Áfíríkà, ṣe iṣẹ́ lé lórí ní New York. Ó ń ṣí i nípò láti inú àwo kan sí òmíràn, ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, títí agbára àtipa ènìyàn fi kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1937 ni abẹ́rẹ́ náà yọrí, ní ọdún 1951 ni wọ́n sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Títí di òní, ìran kòkòrò tí ó ti ara Asibi jáde ni ó wà nínú gbogbo abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí à ń lò ní gbogbo ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún ọ pé ohun àjèjì ni abẹ́rẹ́ yìí, pé kò bá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú mu, sọ ìtàn Asibi fún un.

Èyí ni ti abẹ́rẹ́. Ó ku ti ìwé. Nígbà tí o bá gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọn yóò fún ọ ní káàdì pélébé kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òbúró, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ni ó fi ẹnu kò lórí òfin káàdì yìí lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Orílẹ̀-èdè tí ẹ̀fọn náà wà ṣùgbọ́n tí àrùn náà kò sí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti ibi tí àrùn wà wá. Ó yẹ kí o mọ ohun méjì nípa káàdì yìí. Èkínní ni pé káàdì kò ní agbára títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn ọjọ́ tí o gba abẹ́rẹ́. Èkejì ni pé láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni a ń tún un gbà. Nítorí náà, ẹni tí káàdì rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ka káàdì yìí sí ohunkóhun ju owó ibodè lọ. Wọn yóò ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́, bí ẹni ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Àwọn kan ní ọgbà ọkọ̀ àti ní ẹnubodè sì ti sọ ọ́ di òwò, wọn a máa tẹ òǹtẹ̀ lé e bí ó ti wù wọ́n. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2012, ìjọba Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfuurufú Johannesburg, wọ́n ní káàdì wọn kò ṣe é gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàrin ìjọba méjèèjì. Nàìjíríà náà dá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà padà láti Èkó, àfìgbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà tọrọ àforíjì ní oṣù kan náà. Inú bí gbogbo wa nígbà náà, ó sì tọ́ kí inú bí wa, nítorí kò yẹ kí a fi ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: bí kò bá sí ayédèrú lọ́jà, ta ni ìbá fura sí ojúlówó? Ní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà gbé káàdì tuntun jáde, èyí tí a lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ohun tí ó dára ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè wo inú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí ó ń kọ orúkọ bá kọ irọ́ sílẹ̀, irọ́ náà ni ẹ̀rọ yóò máa kà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níṣojú mi fún ọ. Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ láti ìwé kìíní títí ó fi jáde. Ọmọ káfíńtà ni, orí rẹ̀ sì pé. Ní ọdún 2016, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Índíà gbà á láti kọ́ nípa oògùn pípò. Bàbá rẹ̀ ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, ó ti ra aṣọ òtútù, ó ti pe àwọn ẹbí fún àdúrà. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọmọ náà gbéra ni ẹni tí ó ń bá wọn ṣètò ìrìnàjò rántí ọ̀rọ̀ káàdì. Ọmọ náà sáré lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbéra. Òfin Índíà kò sì gba gbẹ̀fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹni tí ó bá ti orílẹ̀-èdè bíi tiwa débẹ̀ tí káàdì rẹ̀ kò pé, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹni tí ó ń ṣètò ìrìnàjò náà ní kí wọ́n má dààmú. Ó ní bí wọ́n bá fún òun ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, òun yóò bá wọn kọ ọjọ́ tí ó ti kọjá sínú káàdì náà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá ọmọ yìí wá bá mi.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣebí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ yìí ní tòótọ́? Kì í ṣe pé a ra ìwé lásán. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni a fẹ́ fi sún un sẹ́yìn. Irọ́ wo ni ó wà níbẹ̀?”

Ìbéèrè yìí kò rọrùn láti dáhùn, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà rò ó dáadáa. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Owó tí ó fi igi àti ìṣó kó jọ ni ó fẹ́ ṣòfò yìí. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè yí ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé padà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè yí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ wọ ara ọmọ padà. Ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ní kí a dúró yìí, ti ara ni, kì í ṣe ti aṣọ́bodè. Ara kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Àárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gbé àìsàn náà wọ̀.” Bàbá náà dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni ó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ dákun. Ẹ̀kọ́ oògùn ni mo fẹ́ lọ kọ́. N kò fẹ́ fi irọ́ oògùn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Wọ́n sún ọjọ́ ìrìnàjò náà síwájú. N kò ní í sọ fún ọ pé ohun gbogbo rí bẹ́ẹ̀ dùn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn kí ó tó yí ọjọ́ padà, bàbá náà sì ta pákó àpá tí ó ti ń sá sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá kan kí ó tó rí owó náà san. Nígbà tí ọmọ dé Índíà, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibùsùn ti tán ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, iyàrá ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni ó ń sùn títí oṣù náà fi parí. Oṣù méjì ni bàbá rẹ̀ kò fi yà sí ilé mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó kù ju oṣù mẹ́ta lọ kí ó gbéra nígbà tí ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bá wá: “Tíṣà, ọjọ́ mélòó ni ti Mẹ́kà?”

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, ó sì yẹ kí ìwọ náà mọ ìdáhùn rẹ̀. Àrùn tí wọ́n ń ṣọ́ra fún jù ní Mẹ́kà ni àrùn yírùnyírùn, èyí tí ó ń mú kí ọrùn gan, tí ó sì lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Èémí àti itọ́ ni ó ń gbà ràn. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn bá fún ara wọn pọ̀ sójú kan, ìwọ náà mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1987, àrùn yìí jà láàrin àwọn arìnrìn-àjò sí ilẹ̀ mímọ́. Ó tún jà ní ọdún 2000, àwọn tí ó padà sílé sì gbé e dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Láti ọdún 2002 ni ìjọba Saudi Arabia ti sọ ọ́ di dandan pé kí olúkúlùkù tí ó ń bọ̀ gba abẹ́rẹ́ tí ó kápá ẹ̀yà mẹ́rin àrùn náà. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ènìyàn tó dé ibẹ̀. O rí i pé ọjọ́ mẹ́wàá náà tún ni. Ara kan náà ni Ọlọ́run fún gbogbo wa.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé gbogbo àrùn ni ó ní abẹ́rẹ́ fún arìnrìn-àjò? Rárá o. Wo àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kí ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta, àwọn òbí wọn a máa rò pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá tí ó wà lára wọn ti tó láti dojú kọ ibà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí ara ènìyàn ní láti bá ibà jà, inú ibà náà ni ó ti ń dàgbà. Ọmọ tí kò gbé àárín rẹ̀ kò ní in, àgbà tí ó sì ti pẹ́ lókè òkun ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí ibà ń dá dùbúlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó lọ kí ẹbí wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó pọ̀ jù. Oògùn oníhóró tí a ń lò kí a tó gbéra, nígbà tí a bá wà níbẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá padà dé, pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ibùsùn, ni ààbò irú àwọn wọ̀nyí.

Àrùn mìíràn sì wà tí òtítọ́ nìkan ni ààbò rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan ti Liberia balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin náà kò sọ pé òun ti súnmọ́ ẹni tí ó ní àrùn náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní í jáde. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní orílẹ̀-èdè yìí, mẹ́jọ nínú wọn sì kú, dókítà akọni náà sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí dókítà náà bá ti jẹ́ kí arìnrìn-àjò yìí lọ, ta ni ó lè ka iye ẹni tí ìbá kú ní ìlú ńlá bí Èkó? Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ní ibodè bóyá ara rẹ gbóná, òtítọ́ tí o bá sọ jẹ́ àjẹsára fún ẹlòmíràn.

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, pé ẹni tí yóò kú yóò kú. Irú wọn ni kí o rán létí ìgbóná, èyí tí àwọn baba wa bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà kan, kò sí ẹni tí ó lè wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láìfi káàdì abẹ́rẹ́ ìgbóná hàn. Ọdún 1970 ni a rí i mọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn ní ilẹ̀ Somalia, láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, bí ó ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ó ti tán. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó ń béèrè káàdì ìgbóná mọ́. Abẹ́rẹ́ tí ó wọ ara àwọn ènìyàn ni ó lé e lọ. Bí gbogbo wọn bá ti ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́, ìgbóná ìbá ṣì wà láàrin wa.

Nígbà náà, kí ni ó yẹ kí o ṣe bí ìrìnàjò bá kàn ọ́? Ní àkọ́kọ́, tètè bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí o ti lọ béèrè ohun tí orílẹ̀-èdè tí ò ń lọ ń fẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí a ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Má ṣe rò pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni ó ń gbé ènìyàn dé òkèèrè. Ẹni tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kòtònú, Lomé àti Accra nílò káàdì ibà pọ́njú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń lọ sí Índíà. Èkejì, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí o ti gba abẹ́rẹ́. Jẹ́ kí ojú rẹ rí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọjọ́, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ rẹ bá ti inú ìwé ìrìnnà rẹ mu. Ẹ̀kẹta, sọ ipò tí ara rẹ wà fún nọ́ọ̀sì. Aboyún, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń bá jà gidigidi, ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára àti ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bí dókítà bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gbà á, yóò kọ ìwé fún un. Ìwé òtítọ́ ni ìyẹn náà. Ní ìkẹyìn, bí ara rẹ bá gbóná lẹ́yìn tí o ti àjò dé, sọ ibi tí o lọ fún dókítà kí ó tó bi ọ́.

Ní àkótán, ìwọ òǹkàwé mi, ó lè jẹ́ pé o kò tíì ní ìrìnàjò kankan lọ́kàn ju èyí tí yóò gbé ọ dé gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rìn jìnnà, ìwé tí ẹ ń kà yìí ni yóò sì gbé yín lọ. Aṣọ́bodè lè máà ka káàdì rẹ dáadáa, ó lè ti rẹ̀ ẹ́, ó sì lè ṣe ojú àánú sí ọ. Ẹ̀fọn kì í ka ìwé, kì í gba owó, kì í sì í mọ ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni yóò ti wo ohun tí o gbà. Ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni yóò sọ bí ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀ yóò ṣe padà sílé.